Oògùn Tí Màámi Kò Jẹ́ Kó Tán

Oògùn kún ilé ìyá mi lọ́jọ́ tí àìsàn gbé wọn ṣubú, àìlo oògùn ló sì pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí pé ara wọn máa yá kí n tó sọ̀rọ̀ mi tán. Ó wà nínú agolo wàrà, ó wà nínú báàgì tí wọn kì í gbé jáde mọ́, ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ti lu, lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ mi kò tó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo rẹ̀. Èmi ni mò ń rà á. Mò ń rà á, Màámi ń kó o pamọ́, a sì ń tìtorí ẹ̀ bá ara wa jà ní Sátidé-Sátidé.

Lásìkò yẹn náà ni iṣẹ́ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo máa ń túmọ̀ ìwé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Inú yàrá kékeré kan nílé wa ní Thomas Estate, ní Ajah, ni mo ti ń ṣe é, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa dún mọ́ mi lórí. Àwọn kan tó ń rí sí ìlera ọpọlọ fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi. Ó dá lórí àwọn èèyàn tó máa ń kó nǹkan jọ sínú ilé títí ilé á fi kún, tí wọn ò ní lò ó, tí wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Họ́dìn ni òyìnbó ń pè é. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó máa bá a mu wẹ́kú, èyí tí àwọn lè kọ gàdàgbà sí iwájú ìwé. Mo ní kí ló tún le nínú ìyẹn.

Mo kọ́kọ́ fi "ìkójọ" ránṣẹ́. Ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà pè mí, ó ní bàbá òun kó ìwé jọ, ó kó owó jọ, ó fi rán òun níléèwé, ṣé àìsàn wá nìyẹn ni? Òótọ́ ló sọ. Mo fi "ìkópamọ́" ránṣẹ́. Ó ní ìyẹn jọ ti ọlọ́jà tó ti ìrẹsì mọ́lé kó lè wọ́n. Òótọ́ náà ni. Mo ní "ahun" ńkọ́? Ó ní ìwà ni ahun, kì í ṣe àìsàn, pé ẹni tó bá rí i lójú ìwé á fa ìwé náà ya ni. Mo ní "ìṣúra." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn aláìsàn á máa ṣe ìdúpẹ́. Inú bí mi. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n lọ lóyún ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ó ní tí mo bá lè tètè bí i, òun á wá kí mi kú ewu.

Jakande ni Màámi ń gbé, ní Ilasan, nínú fúláàtì tí àwọn àti bàbá mi gbà lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí mo ṣì kéré. Akọ̀wé ìjọba ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù fún wọn. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ajah, mo máa bọ́ sílẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sínú ẹ́sítéètì, mo máa gbé oúnjẹ dání, bí oṣù bá sì ti yí, mo máa gbé oògùn dání.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru náà kọ̀ tí kò lọlẹ̀. Dókítà wọn, ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi, fi kún oògùn náà, kò lọlẹ̀. Ó pààrọ̀ ẹ̀, kò lọlẹ̀. Ó wá wo Màámi lójú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ dákun, ṣé ẹ ń lo oògùn yìí?"

"Mò ń lò ó, ọmọ mi," ni Màámi wí. "Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú yín."

Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru lọ báyìí, iṣan kan máa bẹ́ lórí Màámi lọ́jọ́ kan, àti pé kò ní kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ní oògùn ojoojúmọ́ nìkan ló lè dá a dúró. Látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mò ń bá jà: kí Màámi ṣáà máa gbé hóró oògùn mì láràárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sátidé kan ni mo ń wá ṣúgà tí mo fẹ́ fi mu gàrí. Mo ṣí agolo wàrà kan, mo rí oògùn. Mo ṣí ìkejì, oògùn. Káàdì lórí káàdì, àwọn mìíràn ṣì pé pérépéré, àwọn mìíràn wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé e sí hóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi rọ́bà so ó pọ̀ dáadáa. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì.

"Màámi, kí lèyí?"

"Oògùn ni. Ṣé o ò mọ oògùn mọ́ ni?"

"Ẹ ò lò ó."

"Mo lò nínú ẹ̀."

"Ẹ lò nínú ẹ̀ báwo? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ní kí ẹ máa lò ó!"

"Ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi, mo lo ọ̀kan. Ọjọ́ tí orí ò bá fọ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe? Ṣé kí n wá lò ó tán, kí n wá jókòó ti agolo kí n máa wò ó? Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí bí ayé ṣe rí?"

Mo jágbe mọ́ wọn. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ tí inú bá ń bí mi. Ọkọ mi máa ń sọ pé tí Ọlọ́run bá fẹ́ kí n ní sùúrù ni, ì bá ti fún mi nígbà tó ń pín ẹnu. Ariwo mi pọ̀ débi pé obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí ìsàlẹ̀, sáré gòkè wá wò ó bóyá olè ló wọlé. Ó rí agolo, ó rí oògùn, ó rí èmi nílẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Mọ́mì ò lè ṣahun sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ́sítéètì yìí. Ara wọn ni wọ́n ń ṣahun sí."

Màámi ní kó fi àwọn sílẹ̀, pé ahun kọ́ ni. "Mo dá a sí ni," ni wọ́n wí. Wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e padà.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Èmi tí mò ń pariwo yìí, ẹran tí wọ́n dá sí fún mi ni mo jẹ dàgbà. Bí Màámi bá lọ síbi ìkómọ tàbí ìsìn ìdúpẹ́ kan, èmi á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni mú mi wọlé. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á tú etí ìborùn wọn, ẹran á jáde nínú bébà pẹ̀lú pọ́fùpọ́ọ̀fù tó ti pẹlẹbẹ, gbogbo rẹ̀ á máa ta sánsán pọ́dà wọn. Wọn kì í jẹ nínú ẹ̀. Nílé náà, wọ́n á bu ẹran fún bàbá mi, wọ́n á bu tèmi, àwọn á wá mú eegun, wọ́n á ní eyín ń dun àwọn, ẹran le jù fún àwọn. Wọ́n á sì máa fi eyín tó ń dùn wọ́n yẹn rún eegun wómúwómú lójú wa. Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín. A ò bi wọ́n.

Ìyá tó bá lọ sóde tó jẹ tirẹ̀ tán, tó wá na ọwọ́ òfìfo sí ọmọ, wọ̀bìà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wa. Wọn ò ní pè é ní nǹkan mìíràn títí tó fi máa kú. Màámi kò sì lè ṣe wọ̀bìà. Ohun tó bá ti dára, tó sì ti wọ́n, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sẹ́nu ara wọn láìdá díẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó jókòó ti wọ́n kó ṣàlàyé pé oògùn kì í ṣe ẹran, pé ìdajì oògùn kò lè wo ìdajì àìsàn. Èmi ṣàlàyé o. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ọmọ tí wọ́n ń dá ẹran sí fún ni mí.

Àti pé wọ́n ti rí ọ̀wọ́n rí. Nígbà tí àwọn sójà ń ṣe ìjọba, wọ́n tò sórí ìlà nítorí wàrà, wọ́n tò nítorí ṣúgà, wọ́n tò nítorí ọṣẹ, wọ́n gbé mi pọ̀n lórí ìlà náà. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ni rédíò ń bú àwọn tó ń kó ọjà pamọ́. Wọ́n ní ojú àwọn ló ṣe nígbà tí àwọn sójà já ilẹ̀kùn obìnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n kó páálí wàrà jáde, tí wọ́n sì ní kí obìnrin náà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú títì, tàgbàtàgbà ẹ̀. Mo bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí àwọn kọ́ ni pé kéèyàn má kó gbogbo ẹ̀ síbì kan ṣoṣo. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu mi. Bí wọ́n ṣe máa ń borí mi nìyẹn.

Mo mú wọn wá sí Thomas Estate. Láràárọ̀, èmi fúnra mi ni mò ń fi oògùn sí wọn lẹ́nu, mo ń bomi fún wọn, mo ní kí wọ́n la ẹnu kí n wò ó. Mò ń wo abẹ́ ahọ́n ìyá tó bí mi bí ẹni tó ń wá ohun tí wọ́n jí lọ. Ojú tì mí, ojú ti àwọn náà, a sì jọ ń ṣe é. Nígbà tí dókítà tún fi wọ́n sórí ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ti lọlẹ̀. Ó lọlẹ̀ gan-an. Mo sunkún láyọ̀ nínú ọkọ̀ bí a ti ń bọ̀.

Ohun tí a fi ń yọ̀ yẹn náà ló dá wa lágara. "Ó ti lọlẹ̀," ni Màámi wí nígbà tí a délé. "Oògùn ti ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ó tó kó sinmi." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé àwọn ń lọ sílé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn ní ẹ́sítéètì wa, pé bí àwọn bá jáde lọ na ẹsẹ̀, gétímáànì á máa bi àwọn pé ilé ta ni àwọn ń lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti mọ orúkọ àwọn. Nígbà tí mo kọ̀, wọn ò jẹun mọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, mi ò lè so wọ́n mọ́lẹ̀. Mo dá wọn padà sí Jakande, mo sì ń bú ara mi lójú ọ̀nà.

Ọdún yẹn ni oògùn náà wọ́n. Ó kọ́kọ́ gbówó lórí, lẹ́yìn náà ó di ohun tí a ń wá kiri. Mo wọ kẹ́míìsì kan tẹ̀ lé òmíràn ní Ajah, lọ́tùn-ún lósì abẹ́ bíríìjì, wọ́n ní kò sí. Ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kó kúrò nílùú. Ẹlòmíràn ní ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ dé, kò dé. Èmi náà sì ti ń wá a fún ara mi nígbà yẹn. Orí ti ń fọ́ mi tipẹ́, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó rí i pé mo jogún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kọ oògùn kan náà fún mi. Mo ní kí ọkọ mi má sọ fún Màámi. Ó sọ fún wọn. Ó ní wọ́n bi òun ni, òun ò sì lè parọ́ fún àgbà. Èmi ni mo ń gbé pẹ̀lú olódodo.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé Jakande ní ọwọ́ òfìfo. Mo ní, "Màámi, mi ò rí oògùn rà."

Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo kan jáde, wọ́n ṣí i, wọ́n sì gbé e lé mi lórí itan. Mi ò rí ojú wọn kó tàn tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí bàbá mi ti kú. "Gbà," ni wọ́n wí. "O rò pé nítorí ara mi ni mo ṣe ń dá a sí? Èmi ti lo tèmi láyé. Ìwọ lo ṣì ń tọ́mọ."

Oògùn kò sí ní Ajah, oògùn wà lọ́wọ́ Màámi. Ẹjọ́ tí mo ti ń bá wọn rò láti ọjọ́ yìí, wọ́n jàre rẹ̀ lójú mi, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè yí wọn lọ́kàn padà mọ́. Mo ní mi ò ní gbà á àyàfi bí wọ́n bá ń lo tiwọn. Wọ́n ní ó dáa. A fi àdéhùn sí i: láràárọ̀, màá pè wọ́n lórí fídíò, èmi á lo tèmi, àwọn á lo tiwọn, a ó máa wo ara wa. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ń rí i tí wọ́n ń fi oògùn sẹ́nu, mo ń rí i tí wọ́n ń mu omi. Wọ́n á ní, "Ó ti lọ o," wọ́n á sì yára pa fóònù pé dátà ń jó.

Lásìkò yẹn ni ọkùnrin oníwèé tún pè mí pé ọ̀rọ̀ àwọn dà. Mo sọ "àìlèjùnù" fún un. Ó ní ó gùn, ó sì dà bí èébú. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Màámi fún un, ó wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ "ìdásí" sí iwájú ìwé àìsàn? Ìyá wo ló máa kà á tí kò ní sọ pé òun náà ń ṣe é, pé ìyá òun ṣe é, pé ẹni tí kì í bá ṣe é ni kí wọ́n lọ tọ́jú? Ó padà mú "àrùn ìkójọ" fúnra rẹ̀. Mo ní ó dára. Ìwé ti jáde báyìí, wọ́n ń pín in káàkiri, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ Màámi wà nínú ẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo pè tí wọn ò gbé e. Mo tún pè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àǹtí ìsàlẹ̀ ló gbé e. Ó ní Màámi wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí kò yé òun. Bí mo ṣe dé ọsibítù, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣáà rí i pé bàtà ẹsẹ̀ mi méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Rọpárọsẹ̀ ni. Apá òsì wọn ti kú láti èjìká dé àtàǹpàkò. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì wà lókè. Bí oògùn bá wọlé dáadáa tí ó sì lọlẹ̀, wọ́n lè padà sọ̀rọ̀, wọ́n tiẹ̀ lè rìn. Bí kò bá lọlẹ̀, òmíràn máa tẹ̀ lé èyí, kò sì ní sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i.

Mo lọ sí Jakande lọ kó ìró àti aṣọ ìnura wọn. Nígbà tí mo gbé ìrọ̀rí wọn, mo rí hóró oògùn lábẹ́ ẹ̀, àwọn tó ti yọ́ díẹ̀ lẹ́nu tó sì tún gbẹ padà, tó rí wúruwùru. Oògùn orí fídíò ni. Mo wá ń ṣí agolo kiri nínú ilé bí ẹni tí orí ẹ̀ yí. Òjò ọdún yẹn pọ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ wọlé níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìpẹtà ti mú agolo, ọ̀rinrin ti mú inú rẹ̀. Àwọn hóró tí wọ́n ti gé jáde ti wú, wọ́n ti di pupa rúsúrúsú, bí mo ti fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n ń rún. Àwọn tó wà nínú káàdì, ọjọ́ ti kọjá lórí púpọ̀ wọn, ọ̀rinrin sì ti ba ìyókù jẹ́. Agolo kan ṣoṣo tí wọ́n ti fún mi lọ́jọ́ yẹn ló dára nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kù, kò wúlò fún Màámi, kò wúlò fún mi, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo da gbogbo ẹ̀ sínú àwo ilé ìgbẹ́ wọn, mo fi omi lé e. Àǹtí ìsàlẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló bá mi ru ẹrù dé ìdí kẹ̀kẹ́.

Àrùn la lè wò, a ò lè wo ikú. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sú mi. Èyí tiwa yìí, àrùn ni. Ó ṣeé wò. Oògùn ẹ̀ wà ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń gbé e wá láràárọ̀ nínú ìdérí kékeré kan, ó ń fi ṣíbí bu omi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní Màámi ti ń gbé nǹkan mì dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá wọlé, ojú wọn á tẹ̀ lé mi. Ọ̀rọ̀ ni kò padà, àyàfi kùùkùù kan tí wọ́n máa ń ṣe lọ́fun. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò lọlẹ̀. Dókítà ń wo ìwé, ó ń wo nọ́ọ̀sì, ó ní kò yé òun, pé oògùn tí àwọn ń fún wọn tó.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn wọn láyé, mo bá nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń fún wọn ní oògùn. Mo dúró. Mo rí i tí hóró náà wọ ẹnu wọn, mo rí i tí omi tẹ̀ lé e, mo rí i tí ọ̀fun wọn lọ sókè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun," ó lọ sọ́dọ̀ aláìsàn tó kàn. Mo jókòó, mo fa ìró bò wọ́n lẹ́sẹ̀.

Màámi wo ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì títí ó fi jìnnà. Wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n ti ìka bọ ẹnu, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tó ti kú, tí àwọn fúnra wọn kò lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ àfi kí wọ́n fi ìka wá a. Wọ́n wá a. Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n mú hóró náà jáde, ó ti yọ́ dé ìdajì, itọ́ ń fà lára ẹ̀. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n sì fi ìka mi pa á dé.

"Màámi, tiyín ni," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Mo ní tèmi nílé. Ẹ bá mi gbé e mì." Mo gbé e sí wọn lẹ́nu. Wọ́n pa ètè tó ṣì ní agbára dé, wọ́n yí orí kúrò. Mo tún gbé e lọ. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń mi orí lórí ìrọ̀rí, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń ti ọwọ́ mi padà síhà ọ̀dọ̀ mi, ó lágbára ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo fi bàbá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò jágbe. Kò sí jíjágbe lára mi mọ́.

Wọ́n ṣáà ń wo ẹnu mi. Mo wá fi í sẹ́nu, mo gbé e mì. Wọ́n wo ọ̀fun mi títí ó fi kọjá, ara wọn wá balẹ̀, wọ́n sì sùn.